Ọjọ́ Ìnáwó La Fi Ń Wọn Ilé: ọ̀rọ̀ lórí títún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ṣe fún àlejò ìsinmi àti ìgbéyàwó

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ̀yin tí ẹ jogún ilé ńlá sí Ìjẹ̀bú-Òde, sí Abẹ́òkúta, sí Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí sí Ẹ̀pẹ́, tí gbogbo ọmọ bàbá ti kó lọ sí Lẹ́kkí àti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí ilé sì ṣófo àfi ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ òkú, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ òní ń bá wí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń rò ó pé kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ máa fi gba àlejò tó fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹ sì máa fi yá àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ibi tí ọwọ́ ti ń yọ ni pé ọjọ́ lásán ni àwọn èèyàn fi ń wọn ilé, ọjọ́ ìnáwó ló sì ń dójú tì wọ́n. Ilé tó gba èèyàn 16 sùn, tí omi rẹ̀ ń yọ, tí iná rẹ̀ ń tàn, ilé yẹn kan náà ni 300 èèyàn máa ya wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti aago kan sí aago mẹ́rin ọ̀sán. Wákàtí mẹ́ta yẹn ni kí ẹ fi wọn omi, kí ẹ fi wọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ fi wọn pákó òkè. Ọ̀dà ara ògiri lè dúró ná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹbí kúrò nílẹ̀, torí bí ẹ bá náwó tán tí àbúrò bàbá kan wá ti géètì pa láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, táìsì tí ẹ tẹ́ kò ní gbà yín. Ilé tí bàbá fi sílẹ̀ lọ láìṣe ìwé ìhágún, ilé ẹbí ni. Lójú òfin wa, bí olórí ẹbí bá dá ta ohun ìní ẹbí láìfi ti àwọn àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ṣe, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Bí àwọn yòókù bá ta á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, asán ni látìbẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn náà ni kí ẹ lò fún yíyá ilé fọ́dún gbọọrọ. Kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí agbẹjọ́rò kọ ọ́ sílẹ̀: mélòó ló kan ẹbí nínú owó tó bá wọlé, ta ló ń san owó àtúnṣe, àti yàrá wo ni a ò gbọdọ̀ fi yá ẹnikẹ́ni torí pé ẹrù Ìyá Àgbà ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí sàréè wà pẹ̀lú. Nínú ilé tàbí ní ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń sin àwọn bàbá àti ìyá sí nígbà náà, sìmẹ́ǹtì sì ti bo ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ sàmì síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé jígà láti gbẹ́ sókàwé, kòtò tí omi ìdọ̀tí ń rì sí.

Bí ilé bá sì wà lára èyí tí ìjọba kéde pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, ẹ gba ìyọ̀ǹda kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ìkéde nìkan kò ní kí ilé dúró o. Ìlójo Bar ní Tinúbú l'Ékòó, ilé aláṣà Àgùdà (àwọn tó ti Brazil àti Cuba padà wálé) tí ìjọba kéde ní 1956, wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016.

Ó yá, ògiri. Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù lọ rèé, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ lé e lórí. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil àti Cuba padà wálé láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló gbé àṣà ilé yìí dé: fèrèsé tó tẹ̀ bí ọrun lókè, òpó tó ní ọnà, àtẹ̀gùn onípákó. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí João Baptista da Costa kọ́ sí Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù. Láti Èkó ni àṣà náà ti ràn dé Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá. Bí ẹ bá rí ọnà ara rẹ̀ lóde, ẹ ó rò pé sìmẹ́ǹtì ni gbogbo rẹ̀. Ní púpọ̀ nínú wọn, amọ̀ ló wà nínú, ó lè nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, sìmẹ́ǹtì kàn jẹ́ ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ fún un.

Ẹ ká ìka ọwọ́ kò, kí ẹ máa kan ògiri náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Ibi tó bá dún kì, sìmẹ́ǹtì ṣì di amọ̀ mú níbẹ̀. Ibi tó bá dún pò bí akèrègbè òfìfo, wọ́n ti fi ara wọn sílẹ̀. Ibi òfìfo yẹn kì í sábà ga ju mítà kan lọ láti ilẹ̀, ohun tó sì fà á ni pé amọ̀ ń fa omi láti ilẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lásán, afẹ́fẹ́ á gbẹ ẹ́. Sìmẹ́ǹtì ni kì í jẹ́ kó mí. Omi á há sẹ́yìn rẹ̀, iyọ̀ inú ilẹ̀ á bá a gòkè, amọ̀ á wú nígbà òjò, á sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, sìmẹ́ǹtì tí kò lè tẹ̀ á là.

Kí ni agbaṣẹ́ṣe máa ń ṣe? Á ha á, á fi sìmẹ́ǹtì tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ rẹ́ ẹ, á tún wá fi táìsì bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé ìbàdí. Òjò ọdún kejì ni omi á yọ lókè táìsì náà, ní gẹ́rẹ́ ibi tí àlejò ti ń gbé orí bẹ́ẹ̀dì sí. Ẹ sì ti sanwó ẹ̀ẹ̀mejì.

Ìta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ àyíká irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ga sí i láti ọdún pípẹ́ wá, torí iyẹ̀pẹ̀ àti kọnkéré tí wọ́n ń dà léra wọn, débi pé ilẹ̀ òde ti bá ilẹ̀ inú ilé dọ́gba. Ẹ gbẹ́ ẹ wálẹ̀ títí tí yóò fi rẹlẹ̀ sí ilẹ̀ inú ilé ní nǹkan bíi íǹṣì 6 sí 8, kí ẹ ṣe gọ́tà tí yóò gbé omi lọ, kí etí òrùlé sì yọ kọjá ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ha sìmẹ́ǹtì tó ti ya kúrò, kí ẹ fi ògiri sílẹ̀ kó gba ọyẹ́ kan gbáko. Ẹni tó bá ń kánjú kò lè ṣe é, a ò ní tàn yín.

Amọ̀ tí ẹ máa fi rẹ́ ẹ padà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lò ó. Ẹ mú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ ti sẹ́ dé ìdá mẹ́ta rẹ̀, ẹ pọn omi kún un, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn á ti lọ sísàlẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Amọ̀ gidi ni yóò bà kẹ́yìn lókè. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, ògiri á sán. Ẹ po amọ̀ pupa 1 mọ́ iyanrìn mímú 2, ẹ ge koríko gbígbẹ sí i wẹ́wẹ́, kí ẹ fi rẹ́ ibi tó tó ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ sì wò ó fún ọjọ́ 7. Bó bá sán, ẹ fi iyanrìn kún un. Bó bá ń yọ eruku nígbà tí ẹ fọwọ́ nù ún, ẹ fi amọ̀ kún un. Ìgbà tó bá tó ni kí ẹ tó bọ́ sórí ògiri, kí ẹ wọ́n omi sí ògiri lákọ̀ọ́kọ́, kí ìrẹ́ kọ̀ọ̀kan má nípọn ju ààbọ̀ íǹṣì lọ. Ìrẹ́ tó kẹ́yìn ni ti láìmù: láìmù 1 sí iyanrìn 3. Láìmù tí à ń wí ni ìyẹ̀fun funfun tí àwọn tó ń tọ́jú omi ń lò. Kì í ṣe ẹfun. Ó ń jó ojú, ó ń jẹ ọwọ́, nítorí náà kí ẹni tó ń pò ó wọ ìbọ̀wọ́ àti awò. Ẹ fi àpò tútù bò ó kúrò lọ́wọ́ oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Lórí rẹ̀, ẹ má kun ọ̀dà tẹ́kìsì-kóòtù tàbí ọ̀dà olóròóró kankan, torí sìmẹ́ǹtì mìíràn ni ẹ fi wọ̀ ọ́ yẹn. Ẹ fi omi láìmù kùn ún.

Ẹ jẹ́ ká gun òkè. Ọ̀pọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, pákó ni ilẹ̀ òkè rẹ̀, igi àjà ló sì gbé pákó náà. Àwọn ẹnjiníà máa ń fi nǹkan bíi kílò 150 lórí ojú ilẹ̀ mítà kan sí mítà kan ṣírò ilẹ̀ tí èèyàn kàn ń gbé. Gbọ̀ngàn tí èèyàn ti ń jó, 500 ni. Ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Pálọ̀ òkè tó jẹ́ mítà 4 sí 6, tọ́ọ̀nù 3.6 ni ẹrù tó yẹ kó gbé bó bá jẹ́ ilé gbígbé, tọ́ọ̀nù 12 bó bá jẹ́ ibi ijó. Bàbá tó kọ́ ọ kò fi ijó ṣe ìṣirò. Ẹ sì mọ bí ijó wa ṣe rí: onígángan á yí ìlù, 60 ẹsẹ̀ á sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ipá ẹsẹ̀ yẹn ju ìwọ̀n ara àwọn oníjó lọ. Torí náà ẹ fi òkè sílẹ̀ fún oorun, kí ìsàlẹ̀ àti agbo ilé jẹ́ ti ijó. Ẹ má kàn kọ ọ́ sínú ìwé, torí ìwé kì í dá oníjó dúró: ẹ pín pálọ̀ òkè sí yàrá méjì, kí ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, ó parí.

Ibi tí igi àjà ti wọnú ògiri ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Ẹ fi sukudiráfà gún un níbẹ̀. Bó bá wọlé ju ààbọ̀ íǹṣì lọ, igi náà ti kú. Kò yẹ kí ẹ yọ gbogbo rẹ̀: ẹ gé ibi tó jẹrà, ẹ so igi líle tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bóòtì, kí igi tuntun náà gùn wọ inú èyí tó ṣì dára dáadáa, ẹnjiníà ni kó sọ iye ẹsẹ̀ bàtà tó yẹ. Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì dí etí igi nínú ògiri. Ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá rí ọ̀nà ikán, ìlà iyẹ̀pẹ̀ tín-ínrín tó ń gun ògiri, ẹ má kàn gbá a dànù. Ẹ tọ̀ ọ́ dé ilẹ̀, ibẹ̀ ni kí wọ́n da òògùn sí.

Òrùlé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi kàn án, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù fọ́ ọ. Ẹ fi omi rin ín, ẹ tú u lódidi, kí àwọn òṣìṣẹ́ bo imú, torí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ẹ bá ń fi páánù alumíníọ́ọ̀mù rọ́pò rẹ̀, ẹ ra èyí tó nípọn tó mílímítà 0.55, èyí tó jẹ́ 0.45 kò wọ́n tó o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gun un láti tún táǹkì ṣe á tẹ̀ ẹ́ bàjẹ́.

Omi wá ńkọ́? Ẹ bá mi kà á. Èèyàn 16 tó ń sùn nílé, lítà 120 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ó sún mọ́ lítà 2,000. Àlejò ìnáwó 300, lítà 12 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìgbọ̀nsẹ̀ àti ọwọ́ fífọ̀, 3,600. Àwọn alásè, ẹ fi 1,000 fún wọn. Ó ń lọ sí 6,600. Táǹkì 3 tó ń gba lítà 2,500 ló yẹ yín ju ẹyọ kan gbàǹgbà lọ, torí bí ọ̀kan bá jò, méjì ṣì wà. Omi lítà kan, kílò kan ni. Táǹkì mẹ́ta wọ̀nyí bá kún, tọ́ọ̀nù 7.5 ló wà lókè, kí irin tó gbé e sì ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá gbé e ka orí ògiri amọ̀ ń wá wàhálà. Láti mọ̀ bóyá kànga ẹ̀rọ yín lè kún wọn, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 sábẹ́ páìpù kí ẹ wo aago. Bó bá gba ìṣẹ́jú kan, lítà 1,500 ni wákàtí kan. Wákàtí márùn-ún kí ohun gbogbo tó kún. Nítorí náà alẹ́ Fúráìdé ni kí ẹ kún wọn, kì í ṣe àárọ̀ Sátidé tí NEPA lè mú iná lọ. Ohun kan tún wà: ṣáwà tó dára ń fẹ́ kí táǹkì ga jù ú lọ ní nǹkan bíi mítà 10. Irin táǹkì tó ga ní mítà 6 kò lè ṣe é fún ẹni tó wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Omi á máa kán tótó sí ìyàwó lórí láago márùn-ún ìdájí. Ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ti omi sí ìdí táǹkì.

Sẹ́fítíìkì, táǹkì abẹ́ ilẹ̀ tó ń gba ìgbọ̀nsẹ̀: fún àwọn tó ń sùn nílé, ìṣirò àtijọ́ tó ṣì wúlò ni kí ẹ fi 180 lítà lọ́nà iye èèyàn, kí ẹ wá fi 2,000 kún un. Fún èèyàn 16, 4,880 lítà. Kó jìnnà sí kànga ẹ̀rọ tó mítà 30, kó sì wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kànga. Àwọn 300 yẹn kò sí nínú ìṣirò náà, wọn ò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ yá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèérìn, 6 ó kéré tán, kí 4 jẹ́ ti obìnrin, torí obìnrin tó wọ ìró, bùbá, ìborùn àti gèlè kì í tètè jáde. Ẹ ti balùwẹ̀ inú ilé pa, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀, ìlédìí ọmọ á dí páìpù kí àsè tó tán.

Epo pupa àti ọ̀rá ni ọ̀tá kejì tí sókàwé ní. Àwọn alásè máa ń da omi ìfọkòkò sí ibi tó bá súnmọ́ wọn, ọ̀rá á dì nínú páìpù, omi ò ní lọ mọ́. Ẹ kọ́ abà fún wọn lẹ́yìn ilé, mítà 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ògiri, kí páánù rẹ̀ ga, kí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kọnkéré, kí páìpù omi wà níbẹ̀, kí omi ìdọ̀tí gba inú kòtò oníyàrá méjì kọjá kó tó dé sókàwé. Ọ̀rá á léfòó ní yàrá àkọ́kọ́, omi á gba ìsàlẹ̀ bọ́ sí ìkejì. Iná igi ni wọ́n máa dá, ẹ má tan ara yín jẹ pé gáàsì nìkan ló máa se ìrẹsì èèyàn 300.

Iná mànàmáná: ilé oníyàrá 8 pẹ̀lú amúlétutù ẹlẹ́ṣin kan-kan, ẹ̀rọ omi, fíríìjì àti gílóòbù, nǹkan bíi kílówáàtì 11 ni. Jẹnẹrétọ̀ 20 kVA ń fúnni ní kílówáàtì 16, ìyẹn sì tó, torí ẹ̀rọ omi máa ń gba ìlọ́po mẹ́ta iná rẹ̀ nígbà tó bá kọ́kọ́ gbéra. Ó lè mu nǹkan bíi lítà dísù 4 láàárín wákàtí kan. Ẹ fi sínú iye tí ẹ máa gbà. Àmọ́ bó bá jẹ́ àlejò méjì péré ló wà nílé láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ ńlá yẹn tan iná fún wọn mọ́jú. Dísù tí kò jó tán á di èédú sínú rẹ̀. Ínfátà 5 kVA pẹ̀lú bátìrì kílówáàtì-wákàtí 10 ló yẹ fún irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Wáyà àtijọ́ ńkọ́? Ẹ tú gbogbo rẹ̀ dànù. Púpọ̀ nínú wọn kò ní wáyà ilẹ̀. Mílímítà 1.5 fún gílóòbù, 2.5 fún ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún amúlétutù. Onílù, DJ àti ẹni tó ń to òdòdó, kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ tiwọn wá, kí wọ́n má sì rí ibi ki wáyà bọ nínú ilé.

Agbo ilé: àlejò tó jókòó yí tábìlì ká ń fẹ́ nǹkan bíi ojú ilẹ̀ mítà kan sí mítà kan lọ́nà kan ààbọ̀. Fún 300, 450 nìyẹn, láìtíì ka ibi ijó, ibi ìjókòó ìyàwó àti ọ̀nà tí agbáwo ń gbà. Pulọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, tó nǹkan bíi 669. Nítorí náà pulọ́ọ̀tì kan gbáko tí kò sí ilé lórí rẹ̀ ni ìnáwó 300 ń gbà. Bí ẹ ò bá ní i, ẹ kọ àlejò 150 sínú ìwé yín, kí ẹ má yẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ kò sí nínú èyí rárá. Ẹ lọ bá ilé ìwé àdúgbò sọ̀rọ̀ nípa pápá wọn, kí ẹ sì sanwó fún wọn, torí ọkọ̀ tó dí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò ló ń bí ẹjọ́.

Ní ti ọdún, ẹ fi kàlẹ́ńdà ìlú ṣiṣẹ́. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo yàrá ló ń kún. Ọjọ́ rẹ̀ sì ń fi bíi ọjọ́ 11 yá ju ti ọdún tó kọjá lọ lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ má fi ọjọ́ ọdún tó kọjá gba owó. Oṣù Kejìlá, ẹ ò nílò ìpolówó. Nígbà Lẹ́ńtì àti Ààwẹ̀ ìgbéyàwó ń dínkù, ìgbà yẹn ni kí ẹ kun ilé, kí ẹ sì kó sẹ́fítíìkì. Ìgbéyàwó kan, kì í ṣe ọjọ́ kan. Ìdána lè wà ní Ọjọ́bọ̀ tàbí Fúráìdé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nìkáà ní Sátidé, ìdúpẹ́ ní Sọ́ńdè. Ẹ ta ọjọ́ mẹ́rin pọ̀, kí ẹ sì má gba àlejò mìíràn kó tó di Túsìdé.

Nínú ìwé àdéhùn, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò fọwọ́ sí nínáwó mọ́ ara. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, abala 21, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Wọ́n á ṣì ná an, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin lẹ gbà wọ́n láyè. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé kò sí téèpù lára ògiri. Láìmù tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan bojú tó, téèpù òdòdó á ká a kúrò bí èèpo ẹ̀yìn ẹyin. Ẹ kàn ìkọ́ irin mọ́ òpó àti mọ́ òkè fèrèsé kí wọ́n máa so nǹkan wọn mọ́ ọn.

Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn ni kí ẹ fi fún ìyàwó, torí aago márùn-ún ni ẹni tó ń ṣe é lójú ń dé. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ yẹn kò ní àfiwé. Ṣọ́kẹ́ẹ̀tì 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀nà mẹ́ta fún bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan: èyí tó wà lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fọ̀, èyí tó wà ní kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ gbé táwẹ̀lì dúdú mẹ́rin sí tábìlì dígí náà, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ti ìpara ojú ni, torí àtíkè àti ìpara pupa kì í kúrò lára ìrọ̀rí funfun, ẹ ì báà fi báléṣì sè é.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹni méjì ni kó yẹ ilé wò pẹ̀lú fọ́tò tí ẹ yà lọ́jọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, yàrá dé yàrá. Kí wọ́n gun òkè kí wọ́n tẹ pákó wò, kí wọ́n ka ṣíbí, kí wọ́n ṣí ìdérí kòtò ọ̀rá, kí wọ́n fi garawa bu ohun tó dì lókè rẹ̀ dànù kó tó gan. Bí nǹkan kan bá bàjẹ́, ẹ yọ owó rẹ̀ nínú owó ìdúró, ẹ fi fọ́tò àti rìsíìtì hàn wọ́n, kí ìyókù padà sí àkáǹtì wọn kó tó di Wẹ́sidé.